Àkàrà Aláìwú

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ fún yín pé èmi kì í ṣe alásè. Èdè ni mo wá kọ́ ní Yunifásítì. Bí mo bá se ìrẹsì nínú yàrá wa, àwọn tí a jọ ń gbé a máa rántí lójijì pé àwọn ní ibi kan láti lọ. Nítorí náà, bí mo ti ń kọ̀wé nípa oúnjẹ yìí, ẹ má ṣe rò pé ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé kékeré kan tí ó wà lórí tábìlì bàbá mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé olójú-ewé 40 ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Bàbá mi fi ọdún 35 ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún tí ó kọjá ni wọ́n sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé àtọ̀gbẹ ti wọ ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, wọ́n sì ní kí ó ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí ó máa gún ìka ní àràárọ̀, kí ó sì máa kọ iye tí ó bá rí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí kò lè ṣàì fa ìlà. Ó fi rúlà pín ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: ó kọ “ọjọ́” sí apá òsì, ó kọ “iye” sí àárín, ó kọ “oúnjẹ” sí apá ọ̀tún.

Nígbà tí mo dé ilé wa ní Ìbàdàn fún ìsinmi, báírò ni mo ń wá kiri tí mo fi ṣí ìwé náà. Fún ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan ní òwúrọ̀, iye tí kò tó 100 ni ó dára. Bí ó bá tó 126, tí wọ́n tún un wò tí ó tún tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni dókítà yóò pè é. Mo rí 149. Mo rí 162. Mo rí 171. Mo ṣí ojú-ewé kejì, mo rí 203. Ní ojú-ewé karùn-ún, mo rí 248, tí wọ́n fi gègé tẹ̀ mọ́ ìwé gan-an. Lẹ́yìn èyí, òfo. Ìlà tí wọ́n fi rúlà fà ń bẹ níbẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta títí dé ẹ̀yìn ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wà láàárín wọn. Ó ti di oṣù méjì.

Bí ó bá jẹ́ pé n kò mọ àìsàn yìí tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá pa ìwé náà dé kí n bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí ó tó di pé ó pa wọ́n. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà, èmi ni mo sì máa ń ti àga tí ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ sí ìsìn. Bàbá mi a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìsọ̀rọ̀. Nítorí náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí bàbá mi kọ̀wé mọ́. Ẹ̀rù ni.

Kí ni ọmọ lè sọ fún bàbá lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ilé tiwa, a kì í bi bàbá pé èéṣe. Bí mo bá mú ìwé náà dání tọ̀ ọ́ lọ, yóò kọ́kọ́ bi mí pé ta ni ó rán mi dé orí tábìlì òun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò sì parí sí. Mo rò ó títí, mo rí i pé ọ̀nà ẹ̀yìn nìkan ni ó ṣí sílẹ̀ fún mi: ọ̀nà oúnjẹ.

Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, búrẹ́dì funfun àti tíì ni a fi ń jí ní ilé wa. Bàbá mi ti yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, ó sì gbà pé òun ti san gbèsè tí òun jẹ. Ṣùgbọ́n ìdajì búrẹ́dì gbọọrọ ni ó ń jẹ sí i. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àkàrà àti ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, iṣu àti ẹyin. Agolo óòtì kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti pò ó fún bàbá mi lẹ́ẹ̀kan bí ẹni po ògì, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ń yọ̀ lẹ́nu òun, ó ní oúnjẹ aláìsàn ni, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ èdè, ẹ ṣáà mọ̀ pé a kò ní orúkọ kan fún óòtì ju èyí tí àwọn tí ó gbé e wá fi sí i lọ. Àlìkámà gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọlé tọ̀ wá, orúkọ rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá, ṣùgbọ́n a ti yí i ní ẹnu títí ó fi dún bí ọmọ ilé. Óòtì kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni ó ń fẹ́. Kánádà àti Rọ́ṣíà wà lára àwọn tí ń gbìn ín jù. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí Samuel Johnson ṣe ní ọdún 1755, ó fi óòtì bú àwọn ará Skọ́tlándì: ó ní ọkà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹṣin jẹ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń bọ́ ènìyàn ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Mo ti rò pé ìtàn náà yóò pa bàbá mi lẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ti wá sọ mí di ẹṣin nìyẹn.”

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni ó sọ fún mi pé a lè fi óòtì ṣe páńkéèkì. Mo rò pé bí kò bá rí bí ògì, bóyá bàbá mi kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tọ ìyá mi lọ. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, èmi ni n ó se oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ se oúnjẹ aṣaralóore fún gbogbo ilé.”

Ẹ̀wà ni ó ń ṣà. Kò gbé ojú sókè.

“Aṣaralóore,” ni ó wí. “Ó dára. Èyí tí mo ti ń sè fún bàbá rẹ láti ọdún 31 yìí ńkọ́, Àkànní? Aṣaraníjàǹbá ni?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo fẹ́ràn “aṣaralóore” púpọ̀. Mo ti yìn ín rí nínú iṣẹ́ tí mo kọ fún olùkọ́ wa, pé ẹ wo bí Yorùbá ti fi ìṣe àti ara àti oore kọ́ odindi ọ̀rọ̀ kan láìyá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò rò ó rí pé bí a bá ti fi orúkọ náà pe oúnjẹ kan, a ti sọ̀rọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìkòkò ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, kò sí ẹni tí ó bi ìyá mi ní ìbéèrè kan; gbogbo wa kàn ń sọ pé oúnjẹ ni, oúnjẹ ni, òun ni ó sì ń se oúnjẹ náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò ní í lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó kó ẹ̀wà rẹ̀ sínú omi, ó lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo da ago óòtì méjì sínú bílẹ́ńdà, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Mo run ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tí ó ti pọ́n dúdú, mo fọ́ ẹyin mẹ́ta sí i, mo da ago wàrà kan lé e, mo fi oyin ṣíbí méjì sí i nítorí pé mo gbà pé oyin kì í ṣe ṣúgà. Ó yẹ kí n fi páúdà tí ń mú kéèkì wú sí i, mo gbàgbé. Mo gbé páànù pẹlẹbẹ kaná, mo da àpòpọ̀ náà sí i, mo sì tẹ́ ẹ dé etí páànù yíká.

Èkíní ya sí mẹ́rin nígbà tí mo fẹ́ yí i. Èkejì lẹ̀ mọ́ páànù. Ẹ̀kẹta jóná nísàlẹ̀, ó sì tutù lókè bí ògì. Àwọn àbúrò mi méjèèjì dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kà á: “Ó di mẹ́ta!” Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyẹ̀fun àlìkámà ní ohun kan tí ń mú kí ó fà bí rọ́bà, gluten ni wọ́n ń pè é, òun ni ó ń di búrẹ́dì àti páńkéèkì mú. Óòtì kò ní irú rẹ̀. Ẹyin àti sùúrù nìkan ni ó lè dì í mú, n kò sì ní ìkejì.

Ìyá mi wọlé. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ iná sílẹ̀, ó ti ìka bọ inú abọ́, ó gbé e sókè, ó ń wo bí ó ti ń kán sílẹ̀.

“Kò tíì mu omi,” ni ó wí. “Fi sílẹ̀.”

A fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu wa. Nígbà tí a padà sí i, ó ti ki dáadáa. Ìyá mi mú ọmọ orógùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bí ẹni lu ẹ̀wà fún àkàrà, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ó fi ewé alùbọ́sà kan òróró díẹ̀, ó fi nu ojú páànù, ó wọ́n omi sí i láti gbọ́ bí yóò ti dún. Ó wá na ṣíbí sí mi.

“Ṣe é kékeré, bí àkàrà. Ta ni ó ní kí o tẹ́ ẹ bí ẹní?”

Mo ṣe é kékeré. Ó ní kí n má tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n máa wo ojú rẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ yóò máa là, yóò máa dí, ìgbà tí ó bá là tí kò dí mọ́ ni kí n yí i. Mo yí i. Ó yí. Àwọn àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Kò sí ìwé tí mo ti ka ohun yẹn, mo sì bi ìyá mi bóyá ó ti ṣe páńkéèkì rí. Ó ní, “Mo ti wo iná rí.”

Nígbà tí a gbé e dé orí tábìlì, bàbá mi gbàdúrà, ó la ojú, ó sì fi fọ́ọ̀kì gbé ọ̀kan sókè. Nítorí páúdà tí mo gbàgbé, gbogbo wọn pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ.

“Kí ni a ń pe èyí?”

“Páńkéèkì ni, sà.”

“Irọ́ ni,” ni bàbá mi wí. “Àkàrà aláìwú ni. Òun ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní alẹ́ tí wọ́n ń sá kúrò ní Íjíbítì.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi pẹ̀lú. Ó sì tọ̀nà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Inú Bíbélì Yorùbá ni àkàrà aláìwú wà, a sì ń pe kéèkì ní àkàrà òyìnbó; ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ẹ̀wà lọ. Ó tilẹ̀ rékọjá òkun dé Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń ta acarajé ní ìgboro títí di òní, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a sì dín nínú epo. Ẹ̀wà ni tiwọn ṣá. Óòtì ni tèmi.

Bàbá mi jẹ mẹ́rin. Ó ní ó dùn. Mo rí i pé ìgbà nìyí.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, sà. Bí ó bá di wákàtí méjì sí i, ṣé ẹ lè gún ìka yín, kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí mo ṣe dára?”

Tábìlì dákẹ́. Ìyá mi ń wo inú ife tíì rẹ̀. Bàbá mi kò wò mí, àwo tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń wò. Mo ti ń ronú bí n ó ti tọrọ àforíjì.

“Ìdánwò ni o fẹ́ ṣe?” ni ó wí nígbẹ̀yìn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Olùkọ́ kì í kọ̀ láti máàkì ìwé. Nígbà tí ó di wákàtí méjì, òun fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá sí pálọ̀, ó ní kí àbúrò mi obìnrin di ìka òun mú. Ó gún un. A dúró. Dókítà ti sọ pé lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó má kọjá 180. Ẹ̀rọ náà mú 221 wá.

Ọkàn mi já. Mo rò pé mo ti ba ohun gbogbo jẹ́, pé òun kò ní gún ìka mọ́ láéláé. Bàbá mi wo iye náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “O fìdí rẹmi, Àkànní.” Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ìwé olójú-ewé 40 náà jáde, ó sì kọ 221 sí àárín, lábẹ́ 248.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ta ni ó rán mi ní oyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n méjì? Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀, oyin kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ṣúgà, ìbejì rẹ̀ ni. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti bílẹ́ńdà. Yíyọ̀ tí bàbá mi kọ̀ lẹ́nu yẹn, òun gan-an ni oore óòtì. Beta-glucan ni wọ́n ń pe ohun tí ń fa yíyọ̀ náà; ó ń ṣe nínú ikùn bí ewédú ti ń ṣe nínú abọ́, ó ń fa oúnjẹ sẹ́yìn kí ṣúgà má baà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ní ọdún 1997 ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gbà kí àwọn tí ń ta óòtì máa kọ ọ́ sí ara páálí pé ó lè dín àrùn ọkàn kù, fún ẹni tí ó bá ń jẹ gíráàmù mẹ́ta rẹ̀ lójúmọ́ nínú oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lọ óòtì kúnná, a ti bá ikùn ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, ṣúgà yóò sì tètè jáde. Àti pé, ó ní, ọkà ni óòtì ṣì jẹ́: ẹni tí ó bá jẹ mẹ́rin ti jẹ mẹ́rin.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ̀wà ńkọ́? Kí ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ nípa ẹ̀wà?” Mo tún pè é. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀wà kì í tètè gbé ṣúgà sókè rárá, pé bí kò bá sí ti òróró tí a fi ń dín in, kò sí ohun tí òun ní í bá àkàrà ìyá mi jà sí. Búrẹ́dì ni ọ̀tá. Mo jíṣẹ́ náà bí ó ti wí. Ìyá mi kò fèsì, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, àwa méjèèjì ni a jọ wọ ilé ìdáná. Ago ẹ̀wà kan tí a ti rẹ tí a sì ti bó, ni ìyá mi lọ̀ pẹ̀lú ata àti alùbọ́sà. Mo rẹ ago óòtì kan sínú omi láìlọ̀ ọ́, odindi bí ó ti wà nínú agolo. A pò wọ́n pọ̀, a fọ́ ẹyin méjì sí i, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí oyin, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá mi lù ú, èmi dín in lójú páànù tí a kàn fi òróró nù. Mo ní láti sọ òtítọ́: ó dùn ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì, àwọn àbúrò mi sì jẹ tèmi mọ́ tiwọn. Méjì péré ni ìyá mi bù fún bàbá mi, pẹ̀lú ẹ̀fọ́.

Bàbá mi tún rìn dé ìparí àdúgbò, ó sì padà, kí wákàtí méjì tó pé. Nítorí náà, n kò lè sọ pé oúnjẹ nìkan ni ó ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan àti ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì kì í ṣe ìwádìí, àwọn olùkọ́ wa ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yóò sì bá mi wí bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà mú 168 wá.

Àbúrò mi obìnrin pariwo. Bàbá mi ní kí ó dákẹ́, pé ìdánwò kan kì í sọ ènìyàn di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó fi rúlà fa ìlà tuntun kan sábẹ́ àwọn ti àtijọ́, ó kọ ọjọ́, ó kọ 168. Nígbà tí ó kan apá ọ̀tún, ibi tí ó yẹ kí ó kọ oúnjẹ sí, ó dá gègé dúró, ó ń wo èmi àti ìyá mi.

“Kí ni kí n pe èyí?”

Mo ní kí wọ́n kọ àkàrà aláìwú sí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe.

“Ẹ kọ ẹ̀wà náà sí i,” ni ìyá mi wí láti ilé ìdáná.